Ta ni yóò pẹ̀tù sí Sadako nínú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 15, ti fi anime, fíìmù àwòrán àwọn ará Jàpáànù, rọ́pò oúnjẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó sọ fún mi pé Sukuna tí òun ń wò nínú Jujutsu Kaisen kì í ṣe àròsọ, pé wọ́n ń bọ ọ́ ní ilẹ̀ Jàpáànù títí di òní. Mo fẹ́ bá a wí, àmọ́ mo rántí obìnrin onírun gígùn yẹn tó rá jáde látinú tẹlifíṣọ̀n, tí kò jẹ́ kí èmi náà sùn nígbà tí mo wà nílé ìwé. Ṣé òrìṣà wọn ni gbogbo àwọn wọ̀nyí, àbí àwọn onífíìmù ló jókòó hun wọ́n? Tó bá sì jẹ́ òrìṣà, ṣé kò léwu fún ọmọ? (Ìyá kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bá ọmọ wí. Kò parọ́ fún yín. Ojú kan ṣoṣo ló rí lára ẹni tó ní ojú méjì, ẹ ó sì rí i láìpẹ́ pé kì í ṣe àwàdà ni mo ń ṣe.

Orúkọ Sukuna ní kíkún ni Ryomen Sukuna. "Ryomen" ni ojú méjì. Inú Nihon Shoki la ti kọ́kọ́ bá a pàdé, ìyẹn ìwé ìtàn tí ààfin ọba Jàpáànù kọ parí lọ́dún 720. Ìwé yẹn sọ pé láyé ọba Nintoku, ọkùnrin kan wà ní Hida, láàárín àwọn òkè tó wà ní agbedeméjì erékùṣù wọn tó tóbi jù. Ara kan ló ní, ojú méjì, èkíní kẹ̀yìn sí èkejì. Àtàrí wọn lẹ̀ mọ́ra tí kò fi sí ìpàkọ́ rárá. Ọwọ́ mẹ́rin, ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ó fi idà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì, ó sì ń fi ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ta ọfà. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Wọ́n ní kò gba àṣẹ ọba, ó sì ń ja àwọn ará ìlú lólè. Ọba rán jagunjagun kan sí i, wọ́n pa á. Kò ju ìlà mélòó kan lọ nínú ìwé náà.

Bí ẹ bá ka ibẹ̀ tán, ẹ ó rò pé ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gòkè lọ sí Hida fúnra rẹ̀, ní ìlú Takayama ní ìpínlẹ̀ Gifu lóde òní, ẹ ó bá ojú rẹ̀ kejì. Níbẹ̀, akọni ni Sukuna. Òun ni wọ́n ní ó dá tẹ́ńpìlì Senko-ji sílẹ̀, òun ni wọ́n ní ó gba àwọn baba ńlá wọn lọ́wọ́ àwọn ẹ̀dá búburú. Ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹlẹ́sìn Búdà kan tó ń jẹ́ Enku, tó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn tó sì ń gbẹ́ ère káàkiri, gbẹ́ ère Sukuna sí tẹ́ńpìlì yẹn. Enku kò jẹ́ kí ojú méjèèjì kẹ̀yìn síra bí ìwé ààfin ṣe wí. Ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹni tó bá wá síwájú rẹ̀ lè rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì fi àáké sí i lọ́wọ́. Igi náà ṣì ní ojú ọ̀bẹ lára, kò dán, bí gbogbo iṣẹ́ Enku. Mo fẹ́ràn ère yẹn ju ohunkóhun tí wọ́n yà nípa Sukuna lẹ́yìn rẹ̀ lọ.

Ẹ rò ó wò. Ẹni tí ààfin pè ní ọlọ́ṣà, àwọn ará ilé rẹ̀ ń pè é ní olùdáàbòbò. Èrò tèmi ni pé olórí ìlú kan tí ọba ṣẹ́gun ló wà lẹ́yìn ìtàn yìí, pé ẹni tó ṣẹ́gun ló di kálàmù mú, tó wá fi ọwọ́ méjì àti ojú kan kún ti ọ̀tá rẹ̀ kí ó lè dà bí ẹni tó yẹ kí wọ́n pa.

Gege Akutami, tó bẹ̀rẹ̀ manga (ìtàn alápèjúwe àwòrán nínú ìwé) Jujutsu Kaisen lọ́dún 2018 tó sì parí rẹ̀ lọ́dún 2024, ojú ti ààfin ló yà, ó tún fi epo sí iná rẹ̀. Ó gbé Sukuna kúrò láyé ọba Nintoku wá sí sáà Heian, tó pẹ́ lẹ́yìn ti Nintoku, ó sọ ọ́ di ọba àwọn ègún, ó sì gé ìka rẹ̀ sí 20 tí wọ́n ń wá kiri. Ìka tí ọmọ ilé ìwé gbé mì yẹn, ẹ kò ní rí i nínú Nihon Shoki, ẹ kò ní rí i ní Hida. Akutami ló ni ín. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ní wọ́n ń bọ Sukuna, bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan ń bọlá fún un lórí òkè yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń bọlá fún kì í ṣe ẹni tó ń wò lórí fóònù rẹ̀.

Ẹ wá bi mí bóyá òrìṣà ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò ni kami, ó sì máa ń yọ mí lẹ́nu láti túmọ̀. Òrìṣà sún mọ́ ọn, kò bá a mu délẹ̀. Òkè lè jẹ́ kami, odò lè jẹ́ kami, igi tó ti gbó kọjá bó ṣe yẹ, àti èèyàn tó ti kú. Wọ́n ní mílíọ̀nù mẹ́jọ ni wọ́n, ìyẹn ni pé wọn kò níye. Irúnmọlẹ̀ irinwó ó lé kan tiwa kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Lẹ́yìn kami ni yokai: iwin, ẹbọra, egbére, ẹranko tó ń para dà, agboòrùn àtijọ́ tó ya ojú kan tó sì ń fi ẹsẹ̀ kan fò kiri, gbogbo wọn ló wọ inú àpò yẹn. Lẹ́yìn yokai ni yurei, òkú tí kò sùn. Èyí tó le jù nínú àwọn òkú yẹn ni onryo, òkú tó ń wá ẹ̀san. Obìnrin inú tẹlifíṣọ̀n yín, Sadako inú fíìmù Ring, ìdílé onryo ló ti wá, ìdílé náà sì lọ́jọ́ lórí ju sinimá lọ fíìfíì.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkùnrin kan, torí ọkùnrin làwọn tó lókìkí jù nínú wọn láyé àtijọ́. Sugawara no Michizane, tí wọ́n bí lọ́dún 845, jẹ́ ọ̀mọ̀wé àti akéwì tó fi ọpọlọ dé ipò gíga láàfin. Àwọn ìdílé ńlá kò gbà. Wọ́n parọ́ mọ́ ọn, ọba sì lé e lọ sí Dazaifu, ní erékùṣù Kyushu, lọ́dún 901. Ó kú síbẹ̀ lọ́dún 903. Lẹ́yìn náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀. Fujiwara no Tokihira tó ṣe agbátẹrù ìlélọ yẹn kú lọ́dún 909, kò tíì pé ẹni 40 ọdún. Àjàkálẹ̀ àrùn, ọ̀dá, ikú nínú ìdílé ọba. Nígbà tó di ọdún 930, àrá sán lu ààfin níbi tí àwọn ìjòyè gbé ń ṣe ìpàdé, ó pa àwọn kan nínú wọn. Ọba Daigo dùbúlẹ̀ àìsàn, òun náà kú lọ́dún yẹn kan náà. Gbogbo Kyoto, olú ìlú wọn nígbà yẹn, mọ ẹni tó ń jà.

Kí wá ni wọ́n ṣe? Wọ́n tọrọ àforíjì. Wọ́n ti dá oyè rẹ̀ padà fún un, wọ́n tún fi oyè lé oyè, wọ́n sì kọ́ ojúbọ fún un ní Kitano lọ́dún 947. Onínú líle tó ń fi mọ̀nàmọ́ná jà di Tenjin, kami ìmọ̀ ìwé. Lónìí, bí ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ọmọ ilé ìwé á tò síwájú ojúbọ Tenjin, wọ́n á kọ orúkọ ilé ìwé gíga tí wọ́n ń fẹ́ sára pátákó kékeré, wọ́n á fi kọ́. Ẹni tó ń sán àrá pa èèyàn ló wá ń bá wọn wá máàkì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn láti ibí lọ ni ètùtù yẹn. Òkú Jàpáànù àtijọ́ ń bínú, àmọ́ ọ̀nà wà láti pẹ̀tù sí i nínú: ẹ dá oyè rẹ̀ padà, ẹ sin egungun rẹ̀ dáadáa, ẹ pe orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ kọ́ ilé fún un. Nígbà tí àwọn onífíìmù gbé òkú yìí, irun rẹ̀ kò yí padà, aṣọ rẹ̀ kò yí padà. Ètùtù ni wọ́n yọ.

Irun àti aṣọ ńkọ́? Irun dúdú tó tú sílẹ̀ bo ojú, torí obìnrin tó wà láàyè máa ń di irun rẹ̀ nígbà yẹn, òkú nìkan ni wọ́n ń tú tirẹ̀ sílẹ̀. Aṣọ funfun, torí aṣọ ìsìnkú ni. Tí ẹ bá tún rí kimono nínú fíìmù, ẹ wo àyà rẹ̀: alààyè á fi apá òsì bo ọ̀tún, òkú nìkan ni wọ́n ń fi apá ọ̀tún bo òsì fún. Àìlẹ́sẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn wá láti ọwọ́ àwọn ayàwòrán bíi Maruyama Okyo, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, tó ya òkú obìnrin kan láti orí dé ìbàdí tí ìyókù sì pòórá bí èéfín.

Àwọn obìnrin méjì ló wà lẹ́yìn obìnrin tẹlifíṣọ̀n yín. Èkíní ni Okiku, ọmọ ọ̀dọ̀ nílé ìjòyè kan. Àwo iyebíye mẹ́wàá ló wà níkàáwọ́ rẹ̀, ọ̀kan sọnù, ọ̀gá rẹ̀ pa á sínú kànga. Láti ìgbà náà, tí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á máa gbọ́ ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀ omi tó ń ka àwo: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, èje, ẹ̀jọ, ẹ̀sán... Lẹ́yìn náà igbe. Kò lè dé orí ẹ̀wá. Nínú ọ̀kan lára ọ̀nà tí wọ́n gbà ń sọ ọ́, ẹnì kan lúgọ sí etí kànga, bó ṣe dé orí ẹ̀sán, onítọ̀hún pariwo: "Ẹ̀wá!" Okiku mí kanlẹ̀, ó dákẹ́, kò padà wá mọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré lètùtù rẹ̀. Kànga kan wà nínú ọgbà ààfin Himeji tí wọ́n ń pè ní kànga Okiku, wọ́n ti fi irin bo ẹnu rẹ̀, àwọn àlejò á sì máa yọjú wo inú rẹ̀ bí ẹni pé àwo lè wà níbẹ̀.

Èkejì ni Oiwa. Tsuruya Nanboku kẹrin ló kọ eré rẹ̀ fún àwọn òṣèré kabuki, eré orí ìtàgé wọn, ní ìlú Edo, tí a ń pè ní Tokyo lónìí, lọ́dún 1825. Iemon, ọkọ Oiwa, jẹ́ samurai tí kò ní ọ̀gá mọ́. Olówó kan ládùúgbò fẹ́ kó wá fẹ́ ọmọ-ọmọ òun. Wọ́n fi májèlé ránṣẹ́ sí Oiwa, wọ́n pè é ní oògùn, obìnrin náà sì fi ọpẹ́ gbà á, ó mu ún. Ojú rẹ̀ kan wú, ó sì re wálẹ̀. Ìran tí gbogbo èèyàn ń dúró dè ni ti irun. Oiwa mú òòyà, ó fẹ́ túnra ṣe kó lè lọ fi ojú kan àwọn tó ṣe é. Ó ya irun lẹ́ẹ̀kan, ìdì kan tẹ̀lé òòyà. Ó tún yà á, òmíràn bọ́. Irun ń ga sí i lórí pèpéle níwájú rẹ̀, ó ga ju ohun tí orí èèyàn kan lè gbé lọ, torí ẹnì kan wà lábẹ́ pákó ìtàgé tó ń fi ọwọ́ ti irun mìíràn gòkè látinú ihò. Ẹ fojú inú wo àwọn èèyàn Edo nínú òkùnkùn, tí wọ́n ń wo òkìtì irun yẹn bó ṣe ń dàgbà.

Láti ìgbà yẹn di òní, kí àwọn òṣèré tó gbé eré Oiwa jáde, wọ́n á kọ́kọ́ lọ síbi ojúbọ rẹ̀ ní Yotsuya láti gba àyè. Èèyàn lè ní ìpolówó ọjà ni. Bóyá. Èmi ò mọ òṣèré tó máa fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí kò ní lọ.

Ó kan Sadako wàyí. Koji Suzuki kọ ìwé Ring lọ́dún 1991, Hideo Nakata sì sọ ọ́ di fíìmù lọ́dún 1998. Ẹ mọ ìtàn náà: kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan wà, ẹni tó bá wò ó á kú lọ́jọ́ keje. Kànga Okiku ló wà nísàlẹ̀ ìtàn yẹn, irun Oiwa ló wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kẹta tún wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ìtàn. Mifune Chizuko, tí wọ́n bí lọ́dún 1886, jẹ́ obìnrin tí wọ́n sọ pé ó lè rí ohun tó wà nínú àpótí tí wọ́n ti dé pa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fukurai ti yunifásítì ìjọba ní Tokyo gbé e wá dán an wò níwájú àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ́dún 1910. Wọ́n ní ó yan wọ́n jẹ, ìwé ìròyìn sì gbé e kiri. Kò pẹ́ sígbà yẹn, ní oṣù kìíní ọdún 1911, ó gbé májèlé jẹ. Ìyá Sadako nínú Ring, obìnrin tó ń ríran tí àwọn oníròyìn sì fi ṣẹ̀sín títí ó fi para rẹ̀, ojú Chizuko ló gbé wọ̀.

Ibi tí Nakata ti yọ ètùtù nìyí, iṣẹ́ náà sì mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Reiko, akọ̀ròyìn tó wo kásẹ́ẹ̀tì náà, wá ìdí ọ̀rọ̀ títí ó fi dé orí kànga. Ọjọ́ keje ti pé. Ó bọ́ sínú rẹ̀, ó fi ọwọ́ wá inú omi dúdú, ó kan irun. Ó gbé agbárí Sadako jáde, irun ń yọ́ kúrò lára rẹ̀, obìnrin yìí sì gbá a mọ́ àyà bí ẹni gba ọmọ tó sunkún dé. Wákàtí tó yẹ kó kú kọjá, kò kú. Gbogbo ẹni tó ti gbọ́ ìtàn Okiku rí á mí kanlẹ̀: wọ́n ti rí egungun, wọ́n ti fọwọ́ tọ́ ọ, wọ́n ti tọrọ àforíjì. Ó ti tán.

Kò tán. Lọ́jọ́ kejì, tẹlifíṣọ̀n Ryuji, ọkọ Reiko àtijọ́, tan fúnra rẹ̀. Kànga wà nínú rẹ̀. Obìnrin náà jáde látinú kànga, ó ń bọ̀, ó ń rìn bí ẹni tí oríkèé ara rẹ̀ kò mọ ibi tí wọ́n ń yà sí. (Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ní kí òṣèré náà fi ẹ̀yìn rìn, wọ́n wá yí fíìmù náà padà. Ìdí nìyẹn tí ìrìn rẹ̀ fi ń dun èèyàn lójú tí èèyàn kò sì lè sọ ohun tó fà á.) Ó dé ojú díńgí tẹlifíṣọ̀n, ó sì rá kọjá. Reiko wá mọ ohun tó gba òun là: ó ti da kásẹ́ẹ̀tì náà kọ, ó sì ti fi han ẹlòmíràn. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tí Sadako ń fẹ́. Títàn kálẹ̀ ló ń fẹ́. Nígbà tí fíìmù parí, Reiko wà nínú ọkọ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti wo kásẹ́ẹ̀tì náà, ó sì ń wakọ̀ lọ sọ́dọ̀ baba tó bí òun lọ́mọ kí wọ́n lè fi hàn án.

Mo ní láti jẹ́wọ́ ohun kan. Orí kásẹ́ẹ̀tì gan-an ni mo ti wo fíìmù yìí, èyí tí mo háyà ní ṣọ́ọ̀bù fídíò kan ládùúgbò wa, kò tiẹ̀ sí àwòrán lẹ́yìn rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì mo ti dá a padà. Mo rí ẹni tó háyà á lẹ́yìn mi. Mi ò sọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn Sadako, àwọn yòókù tẹ̀lé ọ̀nà yẹn. Ju-on tí Takashi Shimizu bẹ̀rẹ̀ lórí fídíò lọ́dún 2000, tó sì tún gbé lọ sí Amẹ́ríkà ní 2004, tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: Kayako, òkú obìnrin inú rẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó ṣe. Ẹni tó bá ti wọ ilé yẹn ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, ì báà jẹ́ ẹni tó wá tọ́jú arúgbó. Àwọn kan máa ń sọ pé torí ọrọ̀ ajé Jàpáànù tó dẹnu kọlẹ̀ láwọn ọdún 1990 ni ẹ̀rù yìí ṣe rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Lójú tèmi, ohun tó fà á kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀: ìtàn àtijọ́ ní abúlé nínú, ó ní ìdílé tó ṣẹ̀ àti ìdílé tí wọ́n ṣẹ̀, wọ́n mọra. Nínú ilé alájà púpọ̀ ní Tokyo, ta ni yóò bẹ òkú tí kò mọ orúkọ rẹ̀, tí òun náà kò mọ orúkọ òkú?

Anime ní tirẹ̀, ọ̀nà kejì ló gbà, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n máa rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn òbí bá ń bẹ̀rù rẹ̀ ju fíìmù lọ. Ẹ wo Naruto, tí Masashi Kishimoto yà láti 1999 dé 2014. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ onírù mẹ́sàn-án tí wọ́n dì mọ́nú ọmọ yẹn, ìtàn àtijọ́ ló ti wá. Lára àwọn tó lókìkí nínú irú rẹ̀ ni Tamamo-no-Mae, arẹwà obìnrin tó dé ọ̀dọ̀ ọba Toba, tí ọba sì ń ṣàìsàn títí tí wọ́n fi mọ̀ pé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni. Wọ́n lé e dé Nasu, wọ́n pa á, ó di òkúta tó ń pa ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan tó ń jẹ́ Genno ló lọ bá òkúta náà sọ̀rọ̀, tó pẹ̀tù sí i nínú, tó sì fi òòlù fọ́ ọ; irú òòlù ńlá kan ń jẹ́ genno ní Jàpáànù títí di òní. Òkúta tí wọ́n ń sọ yìí wà ní Nasu, gáàsì olóró sì ń jáde ládùúgbò ibẹ̀ lóòótọ́, torí ilẹ̀ òkè ayọnáyèéfín ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n bá a tó ti là sí méjì. Orí íntánẹ́ẹ̀tì gbóná! Lóṣù yẹn náà, àwọn àlùfáà lọ ṣe ètò ìtùnú níbẹ̀. Wọ́n ò dúró béèrè bóyá òjò àti òtútù ló là á.

Kí wá ni Naruto ṣe sí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tirẹ̀? Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìjà, ó parí sí ọ̀rẹ́. Ó bi í léèrè orúkọ rẹ̀. Orúkọ! Ìyẹn kò yàtọ̀ sí "Ẹ̀wá!" tí wọ́n ké fún Okiku. Demon Slayer ti Koyoharu Gotouge náà kún fún irú rẹ̀. Oni ni àwọn tí Tanjiro, ọmọkùnrin inú ìtàn náà, ń bá jà, àwọn òǹrorò ẹ̀dá tí àwọn ayàwòrán àtijọ́ máa ń fún ní ìwo màlúù tí wọ́n sì ń wọ̀ ní awọ ẹkùn, torí igun àríwá ìlà-oòrùn tí wọ́n ní wọ́n ń gbà wọlé, igun màlúù àti ẹkùn ló ń jẹ́ nínú kàlẹ́ńdà wọn. Lóṣù kejì ọdọọdún, àwọn ìdílé ṣì ń da ẹ̀wà sóyà síta láti lé wọn: "Oni síta, oríire sílé!" Tanjiro kò da ẹ̀wà. Ó bẹ́ orí oni kan tó ti jẹ àìmọye ọmọdé, ó wá di ọwọ́ rẹ̀ mú bó ṣe ń di eérú, ó gbàdúrà pé kó má tún padà wáyé ní oni mọ́. Nígbà tí fíìmù wọn jáde lọ́dún 2020, owó tó pa ní Jàpáànù borí ti gbogbo fíìmù tó ti ṣáájú rẹ̀. Ètùtù ni gbogbo ìlú ń sanwó lọ wò.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Izanami, kami obìnrin kan, há àárín ibí, torí ọmọ yín á ti gbọ́ orúkọ náà nínú Naruto. Inú Kojiki ló wà, ìwé tó ṣáájú Nihon Shoki, ọdún 712. Izanami kú nígbà tó ń bí iná, ọkọ rẹ̀ Izanagi sì wá a lọ sí ilẹ̀ àwọn òkú. Ìyàwó ní kó má wo òun. Ọkọ tan iná, ó wò ó, ìdin ń hó lára ìyàwó rẹ̀. Ìtìjú yẹn ló sọ Izanami di ẹlẹ́san. Ó lé ọkọ dé ẹnu ọ̀nà, ọkọ sì fi àpáta dí i. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyá-ìyá Sadako, ẹ ti rí i. Nígbà tí ọkọ wẹ̀ ara rẹ̀ mọ́, kami mẹ́ta ló jáde: Amaterasu látinú ojú òsì rẹ̀, Tsukuyomi látinú ojú ọ̀tún, Susanoo látinú imú. Kishimoto sọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di agbára ojú. Susanoo kò rí imú lò.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó bá dà bí àtijọ́ ló jẹ́ àtijọ́. Shinigami, kami ikú, inú anime Death Note àti Bleach, ọmọ àná ni. Ìtàn shinigami tó lókìkí jù lẹ́nu àwọn apàlọ́ wọn, San'yutei Encho ló gbé e kalẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn onímọ̀ sì gbà pé ìtàn ilẹ̀ Yúróòpù ló yí padà.

Ẹ̀rù tó ń bà yín wá ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń bọ nǹkan kan torí pé ó wo Jujutsu Kaisen. Àmì tí àwọn ọmọ ń fi ìka ṣe, tí wọ́n á gbé ìka méjì sókè bí ẹni tó fẹ́ ta jáńbá, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Búdà ló ni irú rẹ̀, àmọ́ bí ọmọ yín ṣe ń ṣe é ní kíláàsì, eré ni. Ohun tí mo máa ṣọ́ ni ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ikú rẹ̀ kò sì yan ọmọdé sílẹ̀. Ọmọ ọdún 15 lè wò ó bí ẹ bá mọ ohun tó ń wò. Bí àbúrò rẹ̀ bá wà nílé tí kò tíì pé 12, ẹ máà jẹ́ kó jókòó tì í. Ring ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kó dàgbà díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ sì jọ wò ó, torí ẹ̀yin náà ní gbèsè oorun láti gbà padà.

Tí ẹ bá fẹ́ èyí tí gbogbo ilé lè wò papọ̀, ẹ wá Spirited Away ti Hayao Miyazaki, 2001. Ìran kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè wò tán kí n má sọ nǹkan. Kami kan wọ ilé ìwẹ̀ àwọn kami, ẹrẹ̀ bò ó, ó ń rùn débi pé oúnjẹ ń bàjẹ́ ní ọwọ́ ẹni tó gbé e. Gbogbo òṣìṣẹ́ sá. Ọmọbìnrin kékeré kan ni wọ́n ní kó lọ tọ́jú rẹ̀. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kan irin kan tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n fà á: kẹ̀kẹ́ ológeere ló jáde, pàǹtírí gbogbo ayé sì tẹ̀lé e. Odò ni kami náà, èèyàn ló ń da ilẹ̀ sínú rẹ̀. Miyazaki sọ pé òun náà ti bá wọn palẹ̀ odò kan mọ́ rí, àwọn sì fa kẹ̀kẹ́ jáde níbẹ̀. Nígbà tí ara odò yẹn yá, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fò lọ.

Ní ti Sukuna, bí ọmọ yín bá tún gbé e dé, ẹ bi í bóyá ó ti gbọ́ nípa élégédé. Ní Takayama, wọ́n ń gbin élégédé gígùn kan tó gùn bí apá, tó sì dùn. Sukuna ni wọ́n sọ ọ́.